Ẹ gbà mí o, ajá mi ò lè gbọ́ ìró ọ̀kadà kó fara balẹ̀

Ìyá Tanímọ̀la
Ẹ káalẹ́ o ẹ̀yin ará ilé yìí. Ajá kan wà lọ́wọ́ mi, lókà ni, ajá ìbílẹ̀ wa, Tanímọ̀la lorúkọ ẹ̀, ó ti ń lọ sí ọmọ ọdún mẹ́ta. Nínú ilé kò ní wàhálà rárá, àwọn ọmọ mi máa ń gbórí lé e lára sùn, kò ní mira. Àmọ́ tó bá ti gbúròó ọ̀kadà pẹ́nrẹ́n, irun ẹ̀yìn ẹ̀ á dìde, á máa gbó, á máa fa okùn títí táá fi máa wúkọ́. Lánàá ó fà mí ṣubú lẹ́nu géètì, orúnkún mi bó, ọlọ́kadà tó gbé ẹrù wá fún mi ju ẹrù sílẹ̀ ó sá lọ. Ìgbà tó wà lọ́mọ oṣù márùn-ún ni ọ̀kadà gbá a ládùúgbò wa níbí ní Mọ́níyà, ẹsẹ̀ ẹ̀yìn ni, mo rò pé ibẹ̀ ló ti bẹ̀rẹ̀. Bàbá àwọn ọmọ ní ká tà á tàbí ká so ó mọ́lẹ̀ tọ̀sán tòru, mi ò fẹ́ ìkankan nínú méjèèjì. Ẹ jọ̀ọ́, kí ni kí n ṣe?

Ọmọ Ọlọ́dẹ
Màmá, ẹ wá pàṣán. Tó bá ti gbó, ẹ kó o bò ó. Á jáwọ́.

Bàbá Alájá
Àbúrò mi, má bínú o, ìyẹn ò dáa. Ìyá Tanímọ̀la, ẹ má nà án rárá. Ẹ̀rù ló ń ba ajá yẹn, kì í ṣe agídí. Tó bá rí ọ̀kadà tí pàṣán tún wá bà á lẹ́yìn ẹ̀, ohun tó máa yé e ni pé òótọ́ ni, ìyà ni ọ̀kadà máa ń gbé wá. Ó lè dákẹ́ o, àmọ́ ẹ̀rù yẹn ṣì wà nínú ẹ̀, ọjọ́ tó bá fẹ́ gé èèyàn jẹ kò ní kùn kó tó gé e.

Ohun tí ẹ máa ṣe ni wọ́n ń pè ní counterconditioning, ìyẹn ni pé kí ẹ jẹ́ kí ọ̀kadà di ohun tó ń mú ẹran wá fún un, kí ẹ̀rù ẹ̀ lè kúrò. Ọjọ́ ti pẹ́ táwọn èèyàn ti ń lò ó, ní 1924 Mary Cover Jones ní Amẹ́ríkà fi irú ẹ̀ ran ọmọdékùnrin kan tó ń bẹ̀rù ehoro lọ́wọ́, bí ọmọ náà bá ń jẹ oúnjẹ tó fẹ́ràn ni wọ́n á rọra máa gbé ehoro sún mọ́ ọn.

Ẹ ra ẹ̀dọ̀ màlúù, ẹ bọ̀ ọ́ láìfi iyọ̀ tàbí ata sí i, àlùbọ́sà gan-an májèlé ni fún ajá. Ẹ gé e wẹ́wẹ́ bí ẹ̀wà, kó má sì jẹ ẹ́ nígbà mìíràn àfi tí ọ̀kadà bá kọjá. Ẹ má lọ sẹ́nu géètì o! Ẹ mú un jìnnà sí títì, ibi táá ti máa gbúròó ọ̀kadà tí kò sì ní gbó. Bó bá ti naró etí, ẹ fún un ní ẹ̀dọ̀, ẹ máa fún un léraléra títí ọ̀kadà á fi kọjá, kí ẹ wá dáwọ́ dúró. Tí kò bá gba ẹran lọ́wọ́ yín, ẹ ti sún mọ́ títì jù, ẹ padà sẹ́yìn. Ìṣẹ́jú márùn-ún tó fún ọjọ́ kan.

Ọmọ Ọlọ́dẹ
Ẹ̀gbọ́n, tó bá ń gbó tí wọ́n tún ń fún un lẹ́ran, ṣé kò ní máa gbó sí i ni?

Bàbá Alájá
Rárá. Ìwọ wò ó báyìí, tí ẹ̀rù bá ń bà ẹ́ tí wọ́n fún ẹ lóúnjẹ, ṣé ẹ̀rù yẹn á tún pọ̀ sí i ni?

Ìyá Ìbejì
Ẹ jọ̀ọ́ ẹ ṣọ́ra o, ọ̀kadà ló gbọ́dọ̀ ṣáájú, kí ẹran tẹ̀ lé e. Èmi ti ṣe é sódì rí nítorí ìró jẹnẹrétọ̀, ẹja ni mo máa ń kọ́kọ́ nà sí ajá mi kí n tó ní kí wọ́n tan án. Nígbà tó yá, tó bá ti gbóòórùn ẹja báyìí ló ń sá wọ abẹ́ àga, ó dùn mí gan-an. Ọ̀tun ni mo tún bẹ̀rẹ̀, adìyẹ ni mo wá ń lò.

Dókítà Ẹranko
Ẹ kọ́kọ́ gbé e lọ ká yẹ ẹsẹ̀ yẹn wò, tó bá ṣì ń dùn ún, ẹran nìkan ò lè tán an. Ṣé ó ti gba abẹ́rẹ́ dìgbòlugi ọdún yìí? Ẹ ra okùn tó ń gba àyà dípò tọrùn, kí ẹ má sì jẹ́ kó máa wà lẹ́nu géètì lásìkò yìí, gbogbo ìgbà tó bá ti gbó ọ̀kadà lọ ló ń ba ohun tí ẹ ti kọ́ ọ jẹ́ padà.

Ìyá Tanímọ̀la
Ẹ ṣé, ẹ ṣé gan-an. Ọ̀sẹ̀ kẹfà rèé. Ẹsẹ̀ ò dùn ún, wọ́n ti fún un lábẹ́rẹ́. Ẹ̀yìn kànga la ti bẹ̀rẹ̀, ọ̀sẹ̀ kejì la padà sẹ́yìn nítorí mo kánjú, ní báyìí a ti dé ìdí igi máńgòrò. Ní àárọ̀ yìí ọ̀kadà méjì kọjá tẹ̀léra, ó naró etí, ó wo títì, ó wá yíjú sí mi, ó ń wo ọwọ́ mi. Bàbá àwọn ọmọ wà níbẹ̀. Òun ló lọ ra ẹ̀dọ̀ tọ̀la.