Antivirus tí mo fowó ara mi rà ń pè mí lólè. Ibo ni kí n dí nínú firewall?

Àdùkẹ́ Alátẹ̀wé:
Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ará. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbà mí. Mo ní ṣọ́ọ̀bù kékeré kan ní Abẹ́òkúta tí mo ti ń tẹ̀wé, tí mo ń ṣe fọ́tòkọ́pì, tí mo sì ń bá àwọn ọmọ iléèwé kọ fọ́ọ̀mù lórí íńtánẹ́ẹ̀tì. Ọjà ò yá bíi ti tẹ́lẹ̀ mọ́. Onílé ti fowó kún owó ṣọ́ọ̀bù, epo jẹnẹrétọ̀ ń jẹ èrè tán, ọmọ tó wà ní ojúlé kejì náà ti lọ ra ẹ̀rọ ìtẹ̀wé, ó wá ń tẹ ojú ewé kan ní iye tí kò tó owó íńkì. Gbogbo ìyẹn ni mo ti gbà fún Ọlọ́run.

Èyí tí mi ò lè gbà ni ti antivirus yìí. Owó mi ni mo fi rà á! Páálí rẹ̀ ṣì wà níbí. Computer Village ní Ìkẹjà ni mo ti rà á, níwájú ẹni tó tà á fún mi ni mo sì ti họ nọ́mbà ara káàdì rẹ̀. Ọdún kan ni wọ́n kọ sí i. Oṣù díẹ̀ lẹ́yìn náà ló bẹ̀rẹ̀ sí í yọ pupa sí mi: láísẹ́ńsì rẹ kò tọ̀nà, lọ ra òmíràn. Níṣojú oníbàárà! Ọkùnrin kan tó wá tẹ ìwé ilẹ̀ wò ó títí, ó ní, "Ìyá, ṣé kì í ṣe ayédèrú lẹ ń lò yìí?" Mi ò mọ ibi tí mo máa fojú sí.

Mo pe ẹni tó tà á, kò gbé e. Ọmọ tó ń bá mi tún ẹ̀rọ ṣe ní kò le, pé ká fi firewall, ẹ̀ṣọ́ inú ẹ̀rọ tó ń ṣọ́ ohun tó ń wọlé àti ohun tó ń jáde lórí íńtánẹ́ẹ̀tì, dí i kó má ríbi bá ilé iṣẹ́ tó ṣe é sọ̀rọ̀, pé bí kò bá rẹ́ni bi, kò ní mọ̀ pé láísẹ́ńsì ti bàjẹ́. Ó dí nǹkan kan, ó gbowó, ó lọ. Ó kọ́kọ́ dákẹ́ lóòótọ́, àfi bó ṣe tún bẹ̀rẹ̀. Ọmọ náà ò gbé ìpè mi mọ́.

Ibo gan-an ni kí n dí kó lè panu mọ́? Ẹ má wàásù fún mi o, mo ti sanwó.

Wálé Atẹ́rọṣe:
Ẹ kú làálàá, mà. Windows wo ló wà lórí ẹ̀rọ yín? Antivirus wo ni? Kọ̀ǹpútà mélòó lẹ fi nọ́mbà káàdì yẹn sí? Ẹ ya fọ́tò ohun tó ń kọ gan-an, ẹ fi sí ibí.

Ọmọ Ìjẹ̀bú:
Mà, ẹ má dá oníbéèrè lóhùn. Ẹ lọ sínú Windows Firewall, ẹ dí gbogbo ohun tó bá fẹ́ jáde lára antivirus yẹn, ó parí. Èmi ò san kọ́bọ̀ fún antivirus rí láyé mi, kò sí nǹkan tó ṣe ẹ̀rọ mi.

Ṣadé Ọ̀yọ́:
@Ọmọ Ìjẹ̀bú, báwo lo ṣe mọ̀ pé kò sí nǹkan tó ṣe é? Ọ̀nà tó ń gbà béèrè láísẹ́ńsì ló ń gbà gba orúkọ fáìrọ́ọ̀sì tuntun. Ojoojúmọ́ ni wọ́n ń fi tuntun ránṣẹ́ sí i. Tó o bá ti dí i pa, èyí tó mọ̀ lọ́jọ́ tó o dí i ló máa mọ̀ títí ayé. Kò ní pariwo, ìwọ náà á máa rò pé àlàáfíà ni.

Ọmọ Ìjẹ̀bú:
A lè dí ti láísẹ́ńsì nìkan ká fi ti update sílẹ̀.

Ṣadé Ọ̀yọ́:
Àwọn mìíràn kì í fún ẹni tí láísẹ́ńsì rẹ̀ kò dúró ní update. Antivirus tó mọṣẹ́ rẹ̀ sì máa ń ṣọ́ ara rẹ̀, torí pé ohun tí fáìrọ́ọ̀sì kọ́kọ́ máa ń ṣe náà nìyẹn, kó dí i lọ́nà update. Ohun tí olè ń ṣe sí i lò ń kọ́ ìyá yìí.

Ọ̀gá Tíṣà:
Ẹ̀yin lẹ lọ ra nǹkan lọ́wọ́ ẹni tí ẹ ò mọ̀ rí. Kí ló dé tẹ́ ẹ ò rà á lórí ìkànnì àwọn tó ṣe é? Àwa Nàìjíríà, ẹ̀dínwó ló ń pa wá.

Àdùkẹ́ Alátẹ̀wé:
Ọ̀gá Tíṣà, ẹ ṣé o. Dọ́là ni wọ́n ń gbà lórí ìkànnì yẹn, káàdì báǹkì mi kò sì gbà láti san án. Ṣé kí n máa wo ẹ̀rọ láìsí ààbò ni? Iye tí mo rà á kì í ṣe ẹ̀dínwó rárá. Mo ti ní kí ẹ má wàásù.

Bàbá Àrẹ̀mú:
Ẹ jẹ́ kí n sọ tèmi. Lọ́dún 2020 tí kò sẹ́ni tó ń jáde, ẹnì kan fi sọ́fítíwia ayédèrú kan ránṣẹ́ sí mi. Ìwé tó bá a wá ní kí n kọ́kọ́ pa antivirus kí n tó ṣí i. Mo pa á. Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, gbogbo fọ́tò mi kò ṣí mọ́, orúkọ wọn ti ní ìrù tí mi ò mọ̀, lẹ́tà kan sì wà níbẹ̀: 980 dọ́là, tàbí 490 bí mo bá kàn sí wọn kí wákàtí 72 tó pé. Fọ́tò ìsìnkú ìyá mi wà nínú rẹ̀. Ọmọ mi gbé e lọ sórí No More Ransom, ìkànnì tó ń bá èèyàn ṣí fáìlì tí olè ti tì pa, èyí tí àwọn ọlọ́pàá Netherlands àti Europol, àjọ ọlọ́pàá Yúróòpù, wà lára àwọn tó dá a sílẹ̀ ní 2016. Àwọn kan rí tiwọn ṣí. Tèmi ò ṣí, nítorí kọ́kọ́rọ́ tí wọ́n fi ti tèmi, ọwọ́ wọn ló wà.

Ọmọ Ìjẹ̀bú:
Bàbá, ẹ pẹ̀lẹ́ o. Ṣùgbọ́n ìyá yìí ò lo ayédèrú, ó ra tiẹ̀ ni. Ọ̀rọ̀ ọ̀tọ̀ lẹ gbé wá.

Bàbá Àrẹ̀mú:
Ọmọ yìí, ẹni tó ní kí n pa antivirus àti ẹni tó ní kí ìyá yìí dí i lẹ́nu, ọ̀nà kan náà ni wọ́n ń tọ̀. Má kọ́ mi ní nǹkan tó ti ṣẹlẹ̀ sí mi.

Mojí London:
Ẹ̀yin èèyàn mi, kí lẹ ń ra antivirus fún? Láti ọdún 2012 tí Windows 8 ti jáde ni Defender, antivirus Microsoft tó ṣe Windows, ti ń bá Windows wá lọ́fẹ̀ẹ́. Bí òmíràn bá wà níbẹ̀ ni Defender máa ń yàgò fún un. Ẹ yọ ti àjèjì yẹn dànù, Defender á padà sẹ́nu iṣẹ́.

Ọ̀gá Tíṣà:
Bó bá jẹ́ Windows 10 ńkọ́? Microsoft ti jáwọ́ lára ìyẹn ní 14 October 2025.

Mojí London:
Wọ́n ṣì ń fún Defender orí rẹ̀ ní orúkọ fáìrọ́ọ̀sì tuntun títí di October 2028. Windows fúnra rẹ̀ ni wọn ò tún ṣe mọ́ bíi ti tẹ́lẹ̀. Lóòótọ́, ìyẹn náà ní ewu tiẹ̀.

Wálé Atẹ́rọṣe:
Mà, ẹ ò tíì dá mi lóhùn o.

Àdùkẹ́ Alátẹ̀wé:
Ẹ má bínú, èrò pọ̀ ní ṣọ́ọ̀bù. Windows 10 ni. Kọ̀ǹpútà kan ṣoṣo ni mo fi nọ́mbà yẹn sí, ti orí tábìlì. Orúkọ antivirus kò kan ọ̀rọ̀. Ẹ̀rọ yìí ò ní wàhálà kankan o, kí ẹ má rò pé àlòkù tó ti kú ni. Ohun kan ṣoṣo tó máa ń ṣe ni pé bí NEPA bá ti mú iná lọ, a padà sí ọdún 2015. Ọmọ mi obìnrin ló ń bá mi tún un ṣe bó bá ti iléèwé dé. Bí kò bá sí nílé, mo máa ń fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀, torí ìwé títẹ̀ ò béèrè ọjọ́. Lọ́jọ́ bẹ́ẹ̀ náà nẹ́tíwọ́ọ̀kì kì í dáa, Google pàápàá kì í ṣí, fóònù ni mo fi ń ṣe fọ́ọ̀mù àwọn ọmọ.

Ṣadé Ọ̀yọ́:
Áà! Mà!

Wálé Atẹ́rọṣe:
Ọ̀rọ̀ ti yanjú nìyẹn, mà. Nẹ́tíwọ́ọ̀kì yín ò ní àìsàn. Ìkànnì kọ̀ọ̀kan ní ìwé ẹ̀rí tó ní ọjọ́ ìbẹ̀rẹ̀ àti ọjọ́ ìparí. Bí ẹ̀rọ yín bá gbà pé 2015 la wà, lójú rẹ̀, ìwé ẹ̀rí Google kò tíì bẹ̀rẹ̀. Ojú yẹn náà ló fi ń wo láísẹ́ńsì yín. Bátìrì pẹlẹbẹ kan wà nínú rẹ̀ tó ń gbé aago ró bí kò bá sí iná, CR2032 ló sábà máa ń jẹ́. Òun ló ti kú. Windows náà kì í ṣe àtúnṣe aago fúnra rẹ̀ bí àlàfo bá ti ju wákàtí 15 lọ, ìdí nìyẹn tí ọmọ yín fi ń fọwọ́ tún un ṣe.

Ẹ ṣe é báyìí: ẹ tún ọjọ́ ṣe, ẹ lọ sínú firewall kí ẹ yọ gbogbo ohun tí ọmọkùnrin yẹn dí, ẹ wá jẹ́ kí antivirus gba update. Bó bá ṣì yọ pupa lẹ́yìn ìyẹn, a jẹ́ pé ẹni tó tà á ni ká dá lẹ́bi.

Ọmọ Ìjẹ̀bú:
Ó ṣì lè jẹ́ pé káàdì yẹn ni ò dáa. Ẹ dí i ni tèmi.

Àdùkẹ́ Alátẹ̀wé:
CR2032 kọ́ ló wà nínú kọ́kọ́rọ́ mọ́tò ọkọ mi? Mo fẹ́ yọ ọ́ ṣá.

Wálé Atẹ́rọṣe:
Ẹ wo nọ́mbà ara rẹ̀. Bó bá bá a mu, á ṣiṣẹ́. Ẹ kọ́kọ́ yọ okùn iná ẹ̀rọ, ẹ sì sọ fún bàbá kí wọ́n tó wá mọ́tò ṣí.

Àdùkẹ́ Alátẹ̀wé:
Ó ti di àwọ̀ ewé! Ó ní láísẹ́ńsì mi ṣì kù dáadáa. Èmi mọ̀ pé mi ò ra ayédèrú. Ṣùgbọ́n lẹ́yìn tó gba update tán, ó ń rí nǹkan báyìí o, ó ń to wọ́n sílẹ̀. Flash tí àwọn ọmọ kan fi tẹ iṣẹ́ àṣekágbá wọn láàárọ̀ ṣì wà lára ẹ̀rọ, ó ní ibẹ̀ náà ní. Gbogbo fáìlì wọn ti di shortcut. Ṣé iṣẹ́ wọn ti lọ nìyẹn? Wọ́n ń bọ̀ wá gba flash náà ní aago mẹ́rin.

Ọ̀gá Tíṣà:
Àbí ẹ ò rí i. Àwọn tó ti lọ ṣáájú ńkọ́? Ẹ pè wọ́n.

Wálé Atẹ́rọṣe:
Ọ̀gá Tíṣà, ẹ fara balẹ̀. Mà, ó ṣeé ṣe kí iṣẹ́ wọn má tíì lọ. Irú èyí sábà máa ń fi fáìlì gidi pamọ́, á wá gbé shortcut, àmì tó kàn ń tọ́ka sí nǹkan mìíràn, síwájú. Ẹ má tẹ shortcut kankan. Ẹ jẹ́ kí antivirus fọ flash náà tán, kí ẹ wá ṣí Command Prompt, ojú dúdú tí a ti ń tẹ àṣẹ fún Windows, ẹ tẹ èyí:

attrib -h -r -s /s /d E:\*.*

E yẹn ni lẹ́tà flash. Ẹ wò ó nínú This PC kó má lọ jẹ́ F.

Àdùkẹ́ Alátẹ̀wé:
F ni. Mo ń tẹ̀ ẹ́ lọ.