Ìyẹ́ oyin tó ká kò: ṣé fáírọ́ọ̀sì ni tàbí eégbọn varroa?

Ìbéèrè:
Ẹ̀yin àgbà nínú iṣẹ́ oyin sísìn, ẹ kú iṣẹ́ o. Mo ń rí oyin tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde láti inú ihò afárá, tí ìyẹ́ wọn ká kò, tí wọn kò lè fò, tí wọ́n sì ń rá níwájú àpótí. Àwọn kan ní fáírọ́ọ̀sì ni, àwọn mìíràn ní eégbọn varroa ni. Èwo ni òótọ́, báwo ló sì ṣe ń ran àpótí mìíràn?

Èsì kìíní:
Òótọ́ ni àwọn méjèèjì sọ. Fáírọ́ọ̀sì tí wọ́n ń pè ní DWV ló ń ba ìyẹ́ jẹ́, ṣùgbọ́n eégbọn ló ń gbé e wọ ara ọmọ oyin nínú ihò tí àwọn oyin òṣìṣẹ́ ti fi ìda dí. Ní Hawaii, kí varroa tó dé erékùṣù Oahu ní ọdún 2007, nǹkan bí ìdá 10 nínú ọgọ́rùn-ún agbo oyin péré ni DWV wà lára wọn. Nígbà tí eégbọn náà tàn kálẹ̀ tán, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ má sí agbo tó bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀ níbi tó dé.

Èsì kejì:
Mo fara mọ́ èyí, àmọ́ kí a má di gbogbo ẹ̀bi ru eégbọn. Oyin ń fi ẹnu bọ́ ara wọn, ayaba ń kó fáírọ́ọ̀sì sínú ẹyin, akọ oyin sì ń kó o sínú àtọ̀. Ní ti sacbrood, fáírọ́ọ̀sì mìíràn tó ń pa ìdin oyin, àwọn òṣìṣẹ́ tó ń palẹ̀ òkú ìdin mọ́ ló ń kó o. Láti àpótí dé àpótí, olè jíjà ló burú jù: agbo tó lágbára á lọ jí omi oyin inú afárá agbo tó ń kú kó, á sì kó eégbọn àti fáírọ́ọ̀sì bọ̀ wálé. Àwa olùsìn náà ń ràn án lọ́wọ́ bí a bá ń gbé afárá láti inú àpótí kan sí òmíràn.

Olùbéèrè:
Ẹ ṣeun púpọ̀. Ṣé oògùn rẹ̀ wà?

Èsì kẹta:
Kò sí oògùn tó ń pa fáírọ́ọ̀sì náà, oògùn tó ń pa bakitéríà kò sì ràn án. Eégbọn ni kí ẹ dojú kọ. Ásíìdì oxalic, ọ̀kan nínú oògùn tó ń pa eégbọn, kì í wọ inú ihò tí a ti dí, nítorí náà ìgbà tí ọmọ kò bá sí nínú afárá ló dára jù fún un. Ásíìdì formic ní tirẹ̀ ń wọlé. Ẹ kọ́kọ́ gbọn nǹkan bí 300 oyin pẹ̀lú ṣúgà tó kúnná dáadáa, kí ẹ sì ka eégbọn tó bá já bọ́, kí ẹ lè mọ bí wọ́n ṣe pọ̀ tó.