Dẹ́ẹ̀kì, pèpéle onípákó ẹ̀yìn ilé mi, ti jẹrà, màmá mi sì ń bọ̀. Ẹ gbà mí!

Ìyá Ìbejì, Houston: Ẹ̀yin ará ilé, ẹ gbà mí o. Lánàá ni Táyé ń sáré lórí dẹ́ẹ̀kì, pákó kan dá, ẹsẹ̀ rẹ̀ wọlé dé orókún. Mo fi ìka kan pákó ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, ó wọlé bí ìgbà tí mo ti ìka bọ ẹ̀kọ tútù. Màmá mi ń bọ̀ láti Ìbàdàn lóṣù tó ń bọ̀. Agbaṣẹ́ṣe ní kí n ṣe composite, pákó tí wọ́n fi ike àti ìyẹ̀fun igi pò ṣe, pé mi ò ní kùn ún lọ́dà mọ́ láé. Ó fẹ́ gba ìdajì owó lọ́jọ́ Ẹtì. Ṣé kí n san?

Ẹ̀gbọ́n Dallas: Ẹ pẹ̀lẹ́ o, ara Táyé ńkọ́? Àbúrò mi, má tíì san kọ́bọ̀. Oṣù Kejì ni wọ́n ṣe tèmi, nínú òtútù. Wọ́n to pákó náà lórí-sórí, wọn ò fi àlàfo sílẹ̀ rárá. Nígbà tí oṣù Keje fi dé, wọ́n ti ń ti ara wọn, àárín wọn yọ gọngọ bí ẹ̀yìn ahun. Gbogbo rẹ̀ la tú! Ike wà nínú nǹkan yẹn, oòrùn máa ń mú un gùn.

Bàbá Àlàbá, Chicago: Ẹ̀gbọ́n, mi ò gbà pé àlàfo nìkan ni. Igi ìsàlẹ̀ ńkọ́? Báwo ni wọ́n ṣe jìnnà síra?

Ẹ̀gbọ́n Dallas: Ínṣì 24.

Bàbá Àlàbá, Chicago: Ó tán! Ínṣì 16 ló yẹ kó jẹ́. Composite kì í le tó pákó igi.

Ẹ̀gbọ́n Dallas: Bí igi ìsàlẹ̀ bá jìnnà síra, ṣebí ṣe ni pákó á tẹ̀ wálẹ̀. Òkè ni tèmi gbé!

Bàbá Àlàbá, Chicago: Èyí tí kò rí ibi fẹ̀yìn tì náà ló ń rí àyè gbókè, sà.

Àǹtí Maryland: Ẹ̀yin àgbà, ẹ jọ̀ọ́. Tèmi, òkè rẹ̀ ń dán, igi tó so ó mọ́ ara ilé ló jẹrà. Ìṣó lásán ni wọ́n fi kàn án dípò bóòtù, wọn ò fi páànù bo ẹnu rẹ̀, omi òjò ń gba ẹ̀yìn wọlé. Ìyá Ìbejì, òkè nìkan ni composite, igi ṣì ni ìsàlẹ̀. Ẹ bẹ̀rẹ̀, ẹ fi ọ̀bẹ gún un wò kẹ́ ẹ tó fún ẹnikẹ́ni lówó. Kẹ́ ẹ sì mú àwọ̀ tó mọ́lẹ̀, torí èyí tó dúdú máa ń gbóná janjan. Ṣé màmá máa ń wọ bàtà lẹ́yìnkùlé?

Ìyá Ìbejì, Houston: Rárá o!

Bọ̀dá Peckham: Ìrókò ni mo rà ní tèmi. Orúkọ tí àwọn bàbá wa ń pè é náà ni wọ́n ń pè é lọ́jà igi London níbí. Inú mi dùn débi pé mi ò ná an. Ṣùgbọ́n òjò ìlú yìí, ẹ fọ̀ ọ́ lóòrèkóòrè, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀ á máa yọ̀ bí ilá.

Bàbá Àlàbá, Chicago: Ẹ̀yin ń sọ ti òjò. Ínṣì 42 la gbẹ́ ihò òpó tiwa, kí omi tó dì sí yìnyín nínú ilẹ̀ má baà ti òpó jáde.

Ìyá Ìbejì, Houston: Ẹ kó wá sí Houston! Ewédú ń hù lẹ́yìnkùlé mi bí koríko.

Bàbá Àlàbá, Chicago: Inú ike lèmi gbin tèmi sí. Oṣù Kẹwàá ló kú.

Bọ̀dá Peckham: Ẹ wá Peckham, ṣọkọ tútù wà lẹ́nu ọ̀nà mi.

Àǹtí Maryland: Ta ló kun ọ̀dẹ̀dẹ̀ ilé wa l'Ọ́yọ̀ọ́ lọ́dà rí? Síméńtì lásán ni. Ìyá àgbà á da omi sí i nírọ̀lẹ́ kó lè tutù, òórùn ilẹ̀ á gba gbogbo ilé, a ó wá tẹ́ ẹní.

Ẹ̀gbọ́n Dallas: Àǹtí, ẹ ti pa mí lẹ́kún.

Ìyá Ìbejì, Houston: Mo ti gún un. Ọ̀bẹ wọ méjì nínú igi mẹ́fà. Agbaṣẹ́ṣe tún ti pè. Ẹ̀gbọ́n, àlàfo yẹn, báwo ló ṣe yẹ kó fẹ̀ tó?

Bọ̀dá Peckham: Ẹ ní kí màmá bá wa mú ẹní bọ̀ láti Ìbàdàn.