Ilé fún fúùsì ọkọ̀ lórí bọ́ọ̀dù: ṣé téńmínà rẹwáyà lè gba áńpíà 20?

OníSólà Ìbàdàn:

Mo kí gbogbo ẹ̀yin ọ̀gá tí ẹ wà níbí. Mo ń ya bọ́ọ̀dù kan (PCB, pátákó tí a tẹ ọ̀nà iná oníbàbà sí lára) tí yóò máa pín iná láti inú bátìrì lithium onífọ́ọ̀tì 12 sí ọ̀nà mẹ́fà nínú ilé: gílóòbù, fáànù, ẹ̀rọ tó ń fa omi àti bẹ́ẹ̀ bẹ́ẹ̀ lọ. Mo fẹ́ kí ọ̀nà kọ̀ọ̀kan ní fúùsì tirẹ̀. Fúùsì ọkọ̀ ẹlẹ́sẹ̀ pẹlẹbẹ ni mo yàn, nítorí pé kò ṣòro láti rí rà lọ́dọ̀ àwọn tó ń ta ẹ̀yà ara ọkọ̀, àti nítorí pé àwọ̀ rẹ̀ a máa sọ agbára rẹ̀ fún ẹni tí kò tilẹ̀ mọ̀wé kà: pupa ni ti áńpíà 10, búlúù ni ti 15, yẹ́lò ni ti 20, àwọ̀ ewé sì ni ti 30.

Ohun tó ń gba ìrònú mi ni ilé tí fúùsì náà yóò jókòó sí. Èyí tí wọ́n ń ṣe fún orí bọ́ọ̀dù ní òkè òkun kì í tètè dé, owó rẹ̀ sì ju ti fúùsì fúnra rẹ̀ lọ fíìfíì. Èrò mi ni pé kí n ra téńmínà abo tó fẹ̀ ní mìlímítà 6.3, irú èyí tí àwọn rẹwáyà ọkọ̀ ń lò, kí n gé ìrù rẹ̀, kí n fi lẹ́ẹ̀dì jó o mọ́ bọ́ọ̀dù ní méjì-méjì, kí n sì fi ẹ̀rọ 3D tẹ ike tí yóò bò ó. Ẹsẹ̀ fúùsì náà fẹ̀ ju mìlímítà 5 lọ díẹ̀, nítorí náà ó wọ inú téńmínà yìí láìsí wàhálà. Ṣé irú ilé bẹ́ẹ̀ lè gba áńpíà 20 láìgbóná jù? Báwo ni bàbà orí bọ́ọ̀dù ṣe gbọ́dọ̀ fẹ̀ tó? Ẹ jọ̀wọ́, ẹ là mí lọ́yẹ̀.

Ẹlẹ́rọ Àgbà:

Ẹ kú iṣẹ́ o. Ẹ fi ọ̀rọ̀ ike sílẹ̀ ná, kí ẹ wo sípíríìnì, nítorí pé iṣẹ́ gidi tí ilé fúùsì ń ṣe ni kí ó di ẹsẹ̀ fúùsì mú gírígírí, lónìí àti lẹ́yìn ọ̀pọ̀ ọdún tí ooru bá ti ń wọ̀ ọ́ tó sì ń kúrò lára rẹ̀. Bí ìdènà tí iná ń bá pàdé lójú ibi tí irin méjèèjì ti fara kanra bá jẹ́ mílí-ohm 1, áńpíà 20 yóò sọ wáàtì 0.4 di ooru níbẹ̀. Bí ìdìmú náà bá dẹ̀ tí ìdènà sì di mílí-ohm 5, ooru yẹn di wáàtì 2, ojú kan ṣoṣo sì nìyẹn, bẹ́ẹ̀ ojú méjì ni fúùsì kọ̀ọ̀kan ní. Ẹ má gbàgbé pé fúùsì áńpíà 20 fúnra rẹ̀ ń mú ooru tó ju wáàtì 1 lọ jáde nígbà tó bá gbé gbogbo ẹrù rẹ̀. Ooru yìí ló ń sọ sípíríìnì di aláìlágbára. Bí ó bá ṣe ń dẹ̀ ni ìdènà ń ga sí i, bí ìdènà bá sì ṣe ń ga ni ooru ń pọ̀ sí i, títí ike yóò fi yọ́.

Idẹ ni wọ́n fi ṣe ọ̀pọ̀ téńmínà tí àwọn rẹwáyà ń lò. Idẹ ń gbé iná dáadáa, ṣùgbọ́n bí ooru bá bá a gbé pẹ́, kì í lè fún nǹkan mọ́ra bíi ti àtẹ̀yìnwá. Phosphor bronze (bàbà tí a pò mọ́ tánńganran àti phosphorus díẹ̀) tí a fi tánńganran bò sàn jù ú lọ, beryllium copper (bàbà tí a pò mọ́ beryllium díẹ̀) sì tún sàn ju ìyẹn náà lọ bí owó bá wà. Ohun mìíràn tún wà: ẹsẹ̀ tó nípọn tó mìlímítà 0.8 ni wọ́n ṣe téńmínà 6.3 fún, ti fúùsì yìí sì jẹ́ nǹkan bíi 0.65. Ìyẹn ni ó fi wọlé láìsí wàhálà, àléébù rẹ̀ gan-an sì nìyẹn.

Fún ọ̀nà tí kò ju áńpíà 5 lọ, mo gbà pé téńmínà yín yóò ṣiṣẹ́. Fún 20, ẹ ra kílíìpù tí wọ́n ṣe fún bọ́ọ̀dù, irú èyí tí Keystone ń ṣe ní Amẹ́ríkà, kí ẹ rà á láìra ike rẹ̀, kí ẹ sì fúnra yín ṣe ìyókù.

Ayàbọ́ọ̀dù:

Mo fara mọ́ ọ̀rọ̀ Ẹlẹ́rọ Àgbà, mo sì fẹ́ sọ̀rọ̀ lórí bàbà, nítorí pé ọ̀pọ̀ ooru inú fúùsì, ẹsẹ̀ rẹ̀ méjèèjì ló ń gbà jáde, orí bàbà bọ́ọ̀dù ló sì ń dà á sí. Bí a bá fi IPC-2221, ìlànà tí àwọn ayàbọ́ọ̀dù ń tẹ̀ lé, ṣe ìṣirò rẹ̀, tí a kò sì fẹ́ kí ọ̀nà iná náà fi ju digíríì 20 lọ gbóná ju àyíká rẹ̀, áńpíà 20 nílò ọ̀nà tó fẹ̀ tó nǹkan bíi mìlímítà 12 lórí bàbà oní-ounce 1, èyí tó nípọn tó máíkírónù 35. Lórí oní-ounce 2, mìlímítà 6 àti díẹ̀ ti tó. Ẹ má wulẹ̀ dúró sórí iye yẹn. Ẹ da bàbà kún gbogbo àyè tí ẹ bá rí, lójú òkè àti lójú ìsàlẹ̀, kí ẹ sì fi ọ̀pọ̀ ihò kéékèèké tó ní bàbà nínú so ojú méjèèjì pọ̀.

Ètò tí a fi ń ya bọ́ọ̀dù, bíi KiCad, a máa fi ẹ̀ka tín-ín-rín mẹ́rin so ihò ẹsẹ̀ mọ́ bàbà ńlá kí ó lè rọrùn láti jó. Ẹ mú àwọn ẹ̀ka yẹn kúrò níbí, kí bàbà yí ihò náà ká pátápátá. Ìyẹn yóò mú kí ó ṣòro láti jó, nítorí náà ẹ lo sọ́dà áyọ̀nù tí orí rẹ̀ fẹ̀, kí ẹ sì mú bọ́ọ̀dù náà lọ́wọ́ọ́wọ́ kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀.

Bí ẹ bá ń jó kílíìpù méjèèjì, ẹ fi fúùsì tó ti jó sí wọn lẹ́nu kí wọ́n lè kojú ara wọn gan-an. Bí ọ̀kan bá fì sí ẹ̀gbẹ́ kan, etí rẹ̀ nìkan ni yóò máa kan ẹsẹ̀ fúùsì, gbogbo ìdìmú tí ẹ san owó fún yóò sì di asán. Ẹ tún fi ìdè bọ́ọ̀dù sí tòsí ilé fúùsì, torí pé agbára tí ọwọ́ fi ń ti fúùsì wọlé, orí lẹ́ẹ̀dì ló ń bọ́ sí bí bọ́ọ̀dù bá ń tẹ̀.

OníSólà Ìbàdàn:

Ẹ ṣeun gan-an, ẹ̀yin ọ̀gá mi. Ounce 1 nìkan ni apá mi ká. Ṣé mo lè jó wáyà bàbà sórí ọ̀nà náà? Ike PLA ni mo ní fún ẹ̀rọ 3D mi. Ẹ̀gbọ́n mi kan sì fẹ́ lo bọ́ọ̀dù kan náà fún sólà onífọ́ọ̀tì 48. Ṣé kò léwu?

Olùkọ́ Iná:

Ẹ jẹ́ kí n bẹ̀rẹ̀ láti orí fọ́ọ̀tì 48, nítorí pé ó lè jó ilé. Ẹ wo orí fúùsì ọkọ̀ tó wọ́pọ̀, ẹ ó rí i pé 32 V ni wọ́n kọ sí i. Bátìrì lithium oní-48 tó ní sẹ́ẹ̀lì mẹ́rìndínlógún a máa dé fọ́ọ̀tì 58.4 nígbà tó bá ń gba iná tó sì fẹ́ kún. Iná NEPA a máa kan òdo ní ìgbà 100 láàárín ìṣẹ́jú-àáyá kan, èyí tó ń jẹ́ kí iná tó ń tàn láàárín irin méjì kú. Iná DC, irú ti bátìrì àti sólà, kì í kan òdo rárá, nítorí náà fúùsì náà lè já kí iná sì máa fò kọjá àlàfo rẹ̀, kí ó máa jó. Irú èyí tí wọ́n kọ 58 V sí wà, ṣùgbọ́n 58.4 ti ré kọjá ìyẹn náà. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ sọ fún ẹ̀gbọ́n yín pé kí wọ́n má lo bọ́ọ̀dù yìí.

Ní fọ́ọ̀tì 12 pàápàá, áńpíà 1000 ni òpin ohun tí fúùsì bẹ́ẹ̀ sábà máa ń lè já láìséwu. Bí wáyà méjì bá kanra, bátìrì lithium ńlá lè tú ju bẹ́ẹ̀ lọ jáde, nítorí náà ẹ fi fúùsì àkọ́kọ́, irú Class T tó lè já iná tó pọ̀ ju bẹ́ẹ̀ lọ láìséwu, sí ẹnu bátìrì gan-an, kí tiyín tó wá tẹ̀ lé e.

Wáyà bàbà dára púpọ̀. Mìlímítà 12 lórí ounce 1 kò tó ìdajì mìlímítà onígun-mẹ́rin kan bí ẹ bá gé e wò. Wáyà ilé oní-2.5 tí ẹ bá bó, tí ẹ sì jó láti ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀nà dé òpin rẹ̀, yóò fi ìlọ́po márùn-ún jù ú lọ.

PLA a máa rọ̀ ní nǹkan bíi digíríì 60, inú àpótí tí wọ́n gbé kọ́ sára ògiri tí oòrùn ń pa sì lè gbóná sún mọ́ ìyẹn kí fúùsì tó fi tirẹ̀ kún un. Ike ABS lè fara da nǹkan bíi 100, ṣùgbọ́n ó ń gbiná. Bí ẹ bá rí ike tí wọ́n fún ní òǹtẹ̀ V-0, ìyẹn èyí tí iná ara rẹ̀ a máa tètè kú fúnra rẹ̀, òun ni kí ẹ lò. Ẹ jẹ́ kí ike náà jẹ́ ògiri kékeré tí kò ní jẹ́ kí ọwọ́ kan irin, kí òkè rẹ̀ ṣí sílẹ̀ fún afẹ́fẹ́. Ẹ má sì to fúùsì mẹ́fà mọ́ra, ọ̀kan ń mú èkejì gbóná. Fún ẹrù tó ń ṣiṣẹ́ láìdúró, ẹ má gbé ju ìdá 75 nínú 100 lé fúùsì lórí: áńpíà 15 fún ti 20.

Ẹlẹ́rọ Àgbà:

Kí ẹ tó gbé e kọ́, ẹ dán an wò báyìí. Ẹ fi áńpíà 15 gba inú rẹ̀ fún wákàtí kan pẹ̀lú ìdérí àpótí ní títì. Orí fúùsì náà ní ojú irin kékeré méjì tí ó hàn síta. Ẹ fi ẹnu mítà kan sí ọ̀kan nínú wọn, kí ẹ fi èkejì sí kílíìpù tó wà ní ìsàlẹ̀ rẹ̀. Irin fúùsì fúnra rẹ̀ wà nínú ohun tí ẹ ń wọ̀n, ṣùgbọ́n bí ẹ bá rí mílífọ́ọ̀tì 15 sí 30, ó dára. Bí ó bá sún mọ́ 75, ìdìmú yẹn kò tó. Ẹ fa fúùsì náà yọ, kí ẹ tún un tì bọ̀ lọ́pọ̀ ìgbà, kí ẹ sì tún un wọ̀n.

Ẹ dán fúùsì náà wò pẹ̀lú, torí pé ayédèrú pọ̀ lọ́jà. Nínú páálí kọ̀ọ̀kan tí ẹ bá rà, ẹ mú ọ̀kan, kí ẹ fi ìlọ́po méjì agbára rẹ̀ gba inú rẹ̀. Ojúlówó gbọ́dọ̀ já kí ìṣẹ́jú-àáyá márùn-ún tó pé. Èyí tó bá ṣì ń gbé áńpíà 40 lẹ́yìn ìyẹn, ẹ dá gbogbo páálí náà padà fún ẹni tó tà á.