Iléèwé ní kí ọmọ mi rípíìtì, ẹ gbà mí nímọ̀ràn

Ìyá Ayọ̀:
Ẹ kú ojúmọ́ o, ẹ̀yin èèyàn mi. Ẹ má bínú, ọ̀rọ̀ mi máa gùn díẹ̀. Mi ò sùn mọ́jú.

Iléèwé ti fìwé ránṣẹ́ pé kí Ayọ̀ tún Pírámárì Kẹta kà. Níwájú àwọn òbí yòókù ni tíṣà ti na ìwé rẹ̀ sókè, ó ní, "Ẹ wo b, ẹ wo d, ṣé ẹni tó máa bọ́ sí Pírámárì Kẹrin rèé?" Ojú tì mí débi pé mi ò lè kí ẹnikẹ́ni nígbà tí mò ń jáde. Owó ni mò ń san níbẹ̀ o, kì í ṣe ọ̀fẹ́. Mo san owó lẹ́sìn. Gbogbo ìwé tí wọ́n ní ká rà ni mo rà, títí kan èyí tí wọn ò tíì ṣí. Wọ́n tún pààrọ̀ aṣọ iléèwé ní táàmù tó kọjá, àbúrò ọkọ mi ní ọ̀dọ̀ òun ni kí n ti rán an, ó sì rán an kéré. Ẹ jẹ́ n fìyẹn sílẹ̀.

Ọmọ yìí ò ya òmùgọ̀. Tó bá bá mi dé ìsọ̀ ní Tákìẹ́, nílùú Ògbómọ̀ṣọ́ níbí, iye tí oníbàárà kọ̀ọ̀kan jẹ mí wà lórí rẹ̀. Á tú rédíò, á sì tò ó padà. Ìwé nìkan ni. Lẹ́tà tó bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀ ló máa wò, á sì máa méfò èyí tó kù. Bàbá rẹ̀ ní kó lọ kọ́ iṣẹ́ mẹkáníìkì. Ìyá ọkọ mi ní ayé ló ń ṣe é, a sì ti gbàdúrà títí. Ṣé kí n gbà kó rípíìtì ni, àbí kí n yọ ọ́ níbẹ̀?

Ọmọ Ajílété:
Ẹ yọ ọ́ kíá! Tíṣà tó ń dójú ti ọmọ ní gbangba, kí ló fẹ́ kọ́ ọ?

Ìyá Ìbejì Sábó:
Ẹ pẹ̀lẹ́ o. Kẹ́hìndé tèmi náà nìyẹn. Táíwò ń kàwé bí ẹni mumi, èkejì ń kọ "was" bíi "saw". Bàbá wọn nà án títí, ó ní ọ̀lẹ ni. Ìgbà tá a kó lọ Ìbàdàn ni wọ́n yẹ̀ ẹ́ wò, wọ́n ní dyslexia ni. Kì í ṣe ojú, kì í ṣe ọ̀lẹ. Síso ìró mọ́ lẹ́tà ló ń nira fún ọpọlọ irú ọmọ bẹ́ẹ̀. Wọ́n ní ó máa ń wà nínú ìdílé, mo sì rántí àbúrò bàbá mi tó máa ń ní kí wọ́n ka lẹ́tà fún òun torí pé òun gbàgbé jígí sílé. Bàbá yẹn ò ní jígí kankan o! Òun kan náà ló kọ́ ilé alájà méjì. Tèmi rò pé dyslexia ni ti Ayọ̀.

Bọ̀dá Káfíńtà:
Kí ló burú nínú iṣẹ́ ọwọ́? Ọmọ mi ló ń bá mi tẹ ohun tí ẹ ń kà yìí. Mi ò jẹ́ ẹnikẹ́ni ní gbèsè. Dyslexia, àìsàn òyìnbó. Nígbà tiwa, kò sóhun tó ń jẹ́ bẹ́ẹ̀.

Ìyá Ìbejì Sábó:
Ó wà, sà. Olódo lẹ ń pè wọ́n.

Màmá Tíṣà:
Bọ̀dá Káfíńtà, dókítà ojú kan ní Jámánì, Rudolf Berlin, ló sọ ọ́ lórúkọ yẹn ní 1887. Iná mànàmáná ò tíì dé Ògbómọ̀ṣọ́ nígbà náà.

Ìyá Ayọ̀, ẹ sọ ti aṣọ tó kéré, ẹ ò sọ ọjọ́ orí ọmọ. Ọmọ ọdún mélòó ni? Ṣé ó ń ka Yorùbá? Ṣé ẹ ti yẹ ojú àti etí rẹ̀ wò? Ẹ dáhùn ìwọ̀nyí kẹ́nikẹ́ni tó sọ pé kó rípíìtì tàbí kó má rípíìtì. Tí tíṣà kan náà bá kọ́ ọ lọ́nà kan náà lẹ́ẹ̀kejì, ibi tó wà náà ló máa wà.

Yorùbá ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ fi kọ́ ọ níwèé. Ìró tí b ní lónìí náà ló ní lọ́la, kò dà bí Gẹ̀ẹ́sì tó ń kọ "though" àti "tough", tí ìpè wọn ò bára mu. Ní 1970, ọ̀jọ̀gbọ́n Fafunwa àtàwọn èèyàn rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í fi Yorùbá kọ́ àwọn ọmọ nílé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ kan ní Ilé-Ifẹ̀, ọdún mẹ́fà gbáko, Gẹ̀ẹ́sì wọn ò sì bàjẹ́. Ẹ má fi b àti d kọ́ ọ lọ́jọ́ kan náà. Kó fìka kọ b sórí iyẹ̀pẹ̀, kó máa pe ìró rẹ̀ bó ṣe ń kọ ọ́, títí ó fi máa mọ́ ọn lára. Lẹ́yìn náà ni kẹ́ ẹ tó mú d wá.

Ìyá Ayọ̀:
Ẹ ṣé, mà. Ọdún mẹ́jọ ni, ó máa pé mẹ́sàn-án nínú Oṣù Kẹwàá. Iléèwé wọn ò gbà kí wọ́n sọ Yorùbá, wọ́n ń bu owó ìtanràn lé e. Mo ti mú un lọ yẹ ojú wò, wọ́n ní ó dáa. Etí ò ṣe é. Ó kàn máa ń ṣọyún nígbà ọyẹ́ ni, láti kékeré. A máa ń da òróró àdúrà sí i, ó sì máa ń gbẹ. Ọ̀rọ̀ ìwé yìí ni mo fẹ́ gbọ́.

Nọ́ọ̀sì Màsífà:
Ẹ dúró ná. Etí méjèèjì? Tó bá kọ ẹ̀yìn sí yín, tí ẹ pè é, ṣé ó máa ń dáhùn?

Ìyá Ayọ̀:
Méjèèjì. Olóríkunkun ni o, mo lè pè é títí. Ẹ̀yìn pátápátá ló ń jókòó ní kíláàsì, torí ó ga. Àmọ́ kò yadi, ó ń sọ̀rọ̀ dáadáa!

Nọ́ọ̀sì Màsífà:
Mi ò ní ó yadi, mà. Etí tó ti ń ṣọyún láti ọdún mélòó kan, awọ inú rẹ̀ lè ti lu, ìgbọ́ràn á sì dín kù. Látẹ̀yìn kíláàsì tí ariwo wà, "ba", "da" àti "pa" lè jọ ara wọn létí rẹ̀. Ohun tí kò gbọ́ yàtọ̀, báwo ló ṣe fẹ́ kọ ọ́ yàtọ̀?

Ọmọ Ajílété:
Báwo ló ṣe wá ń gbọ́ gbèsè àwọn oníbàárà?

Nọ́ọ̀sì Màsífà:
Ìsọ̀ kékeré, ojúkojú ni wọ́n wà. Ó ń wo ẹnu wọn.

Ìyá Ìbejì Sábó:
Èmi ṣì ní dyslexia ni. Kẹ́hìndé náà kì í dáhùn.

Màmá Tíṣà:
Ó lè jẹ́ méjèèjì. Ṣùgbọ́n etí ló kọ́kọ́, ẹ má fi ẹ̀tẹ̀ sílẹ̀ kẹ́ ẹ máa pa làpálàpá. Tí wọ́n bá tọ́jú etí tán tí ìwé ò bá ṣì wọlé, ẹ mú un lọ sí FCE Special, kọ́lẹ́ẹ̀jì olùkọ́ni ti ìjọba àpapọ̀ ní Ọ̀yọ́. Láti 1977 ni wọ́n ti ń kọ́ àwọn olùkọ́ fún àwọn ọmọ tó nílò ìrànlọ́wọ́ àkànṣe. Ẹ tètè kúrò nílé o, ẹ̀yin náà mọ ọ̀nà yẹn.

Ìyá Ayọ̀:
Ọjọ́ Ajé ni mo máa mú un lọ. Mi ò ní sọ fún ìyá ọkọ mi. Ṣé ilé ìwòsàn LAUTECH ni àbí ti Bowen? Ṣé kí n nu etí náà kí a tó dé ibẹ̀?

Nọ́ọ̀sì Màsífà:
Èyí tó bá sún mọ́ yín. Ẹ ní dókítà etí, imú àti ọ̀fun lẹ fẹ́ rí, kí ẹ sì sọ pé ẹ fẹ́ kí wọ́n wọn ìgbọ́ràn rẹ̀. Ẹ má tiẹ̀ ki òwú bọ inú rẹ̀, ẹ kàn fi aṣọ mímọ́ nu ìta. Kí omi má wọ̀ ọ́ tó bá ń wẹ̀. Ẹ má sì da òróró kankan sí i mọ́, ti àdúrà tàbí ti oúnjẹ.