Nọ́ńbà èdè Lituéníà fẹ́ yà mí ní wèrè, ẹ gbà mí o

Ẹ jọ̀ọ́ ẹ̀yin tẹ́ ẹ gbọ́ èdè Lituéníà. Kaunas, ìlú kan ní Lituéníà, ni mo wà, oṣù kẹjọ rèé tí mo ti ń kọ́ èdè wọn, àmọ́ Lárúbáwá tí mo kọ́ nílé kéwú ò jẹ́ kí n rímú mí tó bá ti dórí nọ́ńbà. Nínú Lárúbáwá, "khamsatu rijāl" lọkùnrin márùn-ún, "khamsu nisāʾ" lobìnrin márùn-ún, ìyẹn ni pé ẹ̀wù obìnrin ni nọ́ńbà ọkùnrin ń wọ̀. Ó ti mọ́ mi lẹ́nu, mo wáá ń sọ "penkios vyrai" kiri fún ọkùnrin márùn-ún, nọ́ńbà obìnrin ni "penkios", títí ìyá tó ń ta búrẹ́dì fi bú sẹ́rìn-ín, ó ní "penki, penki!" Ìyẹn ti yé mi.

Wàhálà tó kù ni mọ́kànlá sókè. "Vienuolika vyrų" ni wọ́n ń sọ, ọ̀pọ̀ ni, kì í ṣe ẹyọ kan bíi "rajulan", ìyẹn ọkùnrin, tó máa ń tẹ̀ lé mọ́kànlá ní Lárúbáwá. Tí mo bá wá fi "su", ìyẹn "pẹ̀lú", síwájú ńkọ́, bí ìgbà téèyàn ń sọ pé òun bá ọkùnrin mọ́kànlá lọ? Ìwé gírámà mi ò kọjá "su penkiais vyrais", áàpù ìtúmọ̀ fún mi ní oríṣi méjì, ẹni tá a jọ ń gbé yàrá, ọmọ ibẹ̀ ni o, ní òun ò mọ òfin kankan, òun kàn ń sọ ọ́ ni. Ní Lárúbáwá, ohun yòówù kó ṣíwájú mọ́kànlá, "rajulan" ò ní yẹ̀.

Ṣé bẹ́ẹ̀ náà ni tiwọn, ṣé "su vienuolika vyrų" ni àbí "su vienuolika vyrais"?