"Kò tàn" kọ́ ni "kò gbéra"

Ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n àti àbúrò mi nínú iṣẹ́ èdè, ẹ kú ìjíròrò.

Fún ẹni tí kò bá ọ̀rọ̀ yìí láti ìbẹ̀rẹ̀: ẹnìkan ra káàdì tuntun tó ń ya àwòrán sójú kọ̀ǹpútà, ó fi í sínú ẹ̀rọ orí tábìlì rẹ̀, ó tẹ bọ́tìnì, ó wá kọ̀wé pé, "Kọ̀ǹpútà mi kò tàn mọ́." Kíá, àwọn kan ní power pack rẹ̀, àpótí tó ń pín iná fún ẹ̀rọ, ló jóná, kó lọ ra òmíràn. Ẹ̀yìn gbogbo ìmọ̀ràn yìí ló tó sọ pé fáànù ń yí, pé iná wà nínú rẹ̀, ojú mónítọ̀ nìkan ló dúdú. A jẹ́ pé ẹ̀rọ náà tàn. Ohun mìíràn ni kò ṣe, a ò sì ní orúkọ tí a jọ mọ̀ fún ohun náà. Ni ẹ̀gbọ́n kan bá dábàá "jí": ó tàn, ṣùgbọ́n kò jí. Ẹlòmíràn ní "tàn" ti tó fún gbogbo rẹ̀, ká má fi ọ̀rọ̀ pọ́n ara wa lójú.

Èmi kò fara mọ́ èyí tó gbẹ̀yìn yìí rárá. Bí a bá ń fi ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo pe oríṣiríṣi àìsàn, ohun tí kò bàjẹ́ ni a ó máa pààrọ̀. Ti "jí" ló gba àròjinlẹ̀, nítorí ó dùn ún gbọ́, ọmọdé yóò sì lóye rẹ̀. Ṣùgbọ́n "jí" ti ní iṣẹ́ tó ń ṣe nínú ọ̀rọ̀ kọ̀ǹpútà. Bí a bá fi ẹ̀rọ sílẹ̀ fún ìgbà díẹ̀, ó lè sùn: ojú rẹ̀ á pa dé, àmọ́ iṣẹ́ tí a ń ṣe lọ́wọ́ ṣì wà nínú ìrántí rẹ̀. A fọwọ́ kan bọ́tìnì, ó jí, ó ń bá iṣẹ́ lọ láti ibi tó ti dúró. Ẹ̀rọ tí a pa pátápátá kò sùn. Bí a bá tàn án, láti òfo ló ti ń bẹ̀rẹ̀. Ọ̀nà tí a ń gbà tọ́jú ẹ̀rọ tó sùn tí kò jí kì í ṣe ọ̀nà tí a ń gbà tọ́jú èyí tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ tàn tó dákẹ́.

Ọ̀rọ̀ tí mo fẹ́ ká gbé yẹ̀ wò ni "gbéra". Arìnrìn-àjò a máa gbéra, bàálù a máa gbéra. Gbé ara ni, ohun tí kọ̀ǹpútà sì ń ṣe gan-an nìyẹn. Bí iná bá ti wọlé, ètò kékeré kan tó wà nínú ṣíìpù lórí motherboard, pátákó tí gbogbo ẹ̀yà ẹ̀rọ so mọ́, ni yóò kọ́kọ́ ṣiṣẹ́. Yóò yẹ gbogbo ara ẹ̀rọ wò: ṣé processor, ọpọlọ ẹ̀rọ, wà níbẹ̀, ṣé ìrántí ń dáhùn, ta ni yóò ya àwòrán? Bí ara bá le, yóò wá ètò ńlá tó ń darí ẹ̀rọ, bíi Windows tàbí Linux, kàn nínú dísíìkì, yóò sì fa iṣẹ́ lé e lọ́wọ́. Kò sí ẹni tó ń bá a gbé e, òun ló ń gbé ara rẹ̀. Àwọn tó sọ ọ́ ní "boot" ní Gẹ̀ẹ́sì, láti ara "bootstrap" ni wọ́n ti gé e, èrò pé kí ẹ̀dá fi ọwọ́ ara rẹ̀ gbé ara rẹ̀ sókè ló sì wà nídìí rẹ̀. Tiwa ti wà nílẹ̀ látọjọ́ pípẹ́, kò nílò àtúnṣe kankan.

Ẹ jẹ́ ká wá fi í dán àìsàn káàdì tuntun wò.

Bí fáànù kò bá yí, tí kò sí iná kankan, "kò tàn" nìyẹn. Ẹ wo súwíìṣì tó wà lẹ́yìn power pack, ẹ wo wáyà onípíìnì 24 tó wọ motherboard, nítorí ọwọ́ tó ń ti káàdì wọlé lè fa wáyà yọ. Bí ó bá yí lẹ́ẹ̀kan tó dúró, "ó tàn, ó kú" ni ká sọ, nítorí power pack ló sábà máa ń pa ara rẹ̀ nígbà tí ó bá rí i pé iná tí wọ́n ń fà ti pọ̀ jù tàbí pé wáyà kan kan òmíràn. Ihò PCIe, ibi tí a ń ki káàdì bọ̀ lórí motherboard, kò lè fún káàdì ju wáàtì 75 lọ. Ohun tó bá kù, wáyà ni yóò gbé e wá: onípíìnì 6 ń gbé wáàtì 75, onípíìnì 8 ń gbé 150, onípíìnì 16 ti àwọn káàdì tuntun lè gbé tó 600. Ẹ jọ̀ọ́, wáyà onípíìnì 8 ti processor àti ti káàdì jọra lójú, ṣùgbọ́n ìtò iná inú wọn kò bára mu. Ẹ má fi agbára tì í. Ẹ má sì yá wáyà láti ara power pack mìíràn bí ẹnu rẹ̀ tilẹ̀ wọlé, torí ó lè jó nǹkan mọ́lẹ̀.

Ti ẹni tó béèrè ni "ó tàn, kò yàwòrán". Ibí yìí ni iṣẹ́ pọ̀ sí. Ohun àkọ́kọ́ ni wáyà mónítọ̀: ara káàdì tuntun ni kó wà, kì í ṣe ara motherboard níbi tó wà tẹ́lẹ̀. Lẹ́yìn èyí, ẹ yọ káàdì, kí ẹ tún un kì títí ìkọ́ ihò yóò fi ró pa. Bí processor bá ní ayàwòrán tirẹ̀ nínú, ẹ yọ káàdì kúrò pátápátá kí ẹ wò ó bóyá àwòrán yóò jáde, ṣùgbọ́n àwọn ti Intel tí orúkọ wọn parí sí F kò ní in, nítorí náà òkùnkùn tí ẹ bá rí níbẹ̀ kò sọ nǹkan kan. Ọ̀pọ̀ motherboard ní iná kéékèèké mẹ́rin tí a kọ CPU (processor), DRAM (ìrántí), VGA (káàdì) àti BOOT (gbígbéra) sí lára. Bí ti VGA kò bá kú, káàdì ni ká dojú kọ. Bí ó bá jẹ́ DRAM, ìrántí ni ká yẹ̀ wò, ó lè ti ṣí kúrò níbi tó wà. Ní 1987 ni ilé iṣẹ́ IBM gbé VGA, ìlànà ìyàwòrán kan, jáde, orúkọ rẹ̀ ṣì wà lára ẹ̀rọ títí dòní, ìdí nìyẹn tí mo fi ń tẹnu mọ́ ọn pé ká yan orúkọ dáadáa.

Bí orúkọ ilé iṣẹ́ bá ti hàn lójú mónítọ̀ tí Windows kò sì dé, ẹ fi káàdì lọ́rùn sílẹ̀: ó ti yàwòrán, ẹ̀rọ ni kò gbéra. Ẹni tó yọ bátìrì CR2032, bátìrì pẹlẹbẹ tó wà lórí motherboard, lè bá ara rẹ̀ níbẹ̀, nítorí ètò ìbẹ̀rẹ̀ á padà sí bó ṣe wà nígbà tí wọ́n ṣe é, ó sì lè má mọ dísíìkì náà mọ́.

Nípa orúkọ káàdì fúnra rẹ̀, "káàdì ayàwòrán" ni mo fara mọ́, kì í ṣe "káàdì àwòrán". Kò tọ́jú àwòrán, yíyà ló ń yà á. Ti power pack ni kò tíì yé mi tó. Ẹni tó ní ká pè é ní "apíná", torí pé ó ń pín iná, kó pè é sókè kó gbọ́ bó ṣe sún mọ́ "apaná", tí panápaná sì ti gba etí gbogbo ènìyàn. Títí a ó fi rí èyí tí kò ní ṣi ẹni lọ́nà, power pack ni èmi yóò máa kọ.